Káàdì oṣooṣù fún sinimá: ṣé kí àbúrò mi gbà á?

Àdùkẹ́_ÒkèFìà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Òṣogbo nílé lóko. Àbúrò mi obìnrin ń kàwé ní Houston, Amẹ́ríkà. Ó fẹ́ràn sinimá, ilé sinimá méjì ló sì wà nítòsí ibi tó ń gbé. Àwọn méjèèjì ń fà á lọ́wọ́ pé kó wá máa san owó oṣooṣù. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ $25 lóṣù, ó lè wo fíìmù 3 lọ́sẹ̀, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ san oṣù 3 kó tó lè jáwọ́. Ti èkejì jẹ́ $11 lóṣù, tíkẹ́ẹ̀tì 1 péré ni, ṣùgbọ́n tí kò bá lò ó, yóò dúró dè é di oṣù tó ń bọ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ní káàdì nínú jẹ́ $14 lálẹ́, $10 kí aago 4 ọ̀sán tó lù, $7 lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Tó bá rà á lórí fóònù, wọ́n tún ń bu $2 lé e. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ló ń lọ. Lásìkò ìdánwò àti nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, kì í lọ rárá, ká ṣáà sọ pé oṣù 8 nínú ọdún ló ń lọ. Láti ibí ni a ti ń fi owó ránṣẹ́ sí i, ẹ sì mọ ohun tí dọ́là ń fi ojú náírà rí. Èwo ni kó mú? Àbí kó fi méjèèjì sílẹ̀?

Ọmọ_Àlékúwodò

Kí la tún fẹ́ jíròrò níbẹ̀? Fíìmù 3 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 4 lóṣù, 12 nìyẹn. $14 lọ́nà 12 jẹ́ $168. Ó san $25. Ọ̀fẹ́ pọ́ńbélé! Kó gbà á kíákíá.

Olùṣirò

Ọmọ Àlékúwodò, ìṣirò ẹni tó ń tà á lo ṣe yẹn, kì í ṣe ti ẹni tó ń rà á. Akẹ́kọ̀ọ́ wo ló máa wo fíìmù 12 lóṣù tí kò ní gba ìwé ìkìlọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́? Iye tí ọmọ náà ìbá ná ká ní kò sí káàdì, òun ló yẹ ká fi wọn káàdì. Àdùkẹ́ sì ti sọ ọ́ fún wa: oṣù 8, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, tíkẹ́ẹ̀tì 16 lọ́dún.

Tó bá jẹ́ alẹ́ ló ń lọ, tó sì ń rà á lórí fóònù, $16 lọ́nà 16 jẹ́ $256. Tó bá rà á ní kántà, $224. Tó bá ń lọ kí aago 4 tó lù, $160. Tó bá jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan, $112. Káàdì $25 wá ń kọ́? $300 lọ́dún ni. Kò sí èyí tó borí nínú gbogbo wọn. Kí $300 yẹn tó jẹ́ èrè, ó gbọ́dọ̀ wo tíkẹ́ẹ̀tì alẹ́ 22 lọ́dún ní iye kántà, tàbí 19 tó bá jẹ́ ti orí fóònù. Tí a bá fi ti Ìṣẹ́gun wọ̀n ọ́n, fíìmù 43 ni!

Káàdì $11 sàn díẹ̀. $132 lọ́dún, tíkẹ́ẹ̀tì 12 nìyẹn. Mẹ́rin tó ṣẹ́ kù, irú ilé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń tà á fún ọmọ ẹgbẹ́ ní iye kan náà, $44. Àpapọ̀ $176, wọn kì í sì í gba $2 orí fóònù lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ó borí alẹ́, kò borí ọ̀sán, Ìṣẹ́gun sì fi í sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá.

Ìyá_Ìbejì_Ògo_Olúwa

Ẹ ṣeun, Olùṣirò. Ìṣẹ́gun dé, ọ̀rọ̀ parí. Kí ló dé tí ẹni tó lè san $7 yóò máa wá ẹni tí yóò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún lóṣooṣù? Owó tó ń kúrò nínú àkáǹtì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń kọ́ ọmọ.

Ṣadé_Texas

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa ìwé dé. Olùṣirò ṣe é dáadáa, àmọ́ ohun kan ló fò. $300 rẹ̀ dá lórí pé ọmọ náà yóò san oṣù 12. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Oṣù 3 ni àdéhùn. Àwọn fíìmù ńlá ní Amẹ́ríkà kì í jáde déédéé. Oṣù Karùn-ún sí Oṣù Keje ni wọ́n ń dà wọ́n sílẹ̀ jù, lẹ́yìn náà ni Oṣù Kọkànlá sí ìparí ọdún. Oṣù Kìíní àti Kejì máa ń gbẹ. Tó bá gba káàdì $25 fún oṣù 3 tí fíìmù pọ̀, $75 ni. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù lálẹ́ ní kántà jẹ́ $84, ó ti jèrè $9. Tó bá wá lọ lẹ́ẹ̀mẹrin lóṣù, nítorí pé fíìmù pọ̀ láti wò, $168 ló fi $75 wò. Kó wá fagi lé e.

Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ náà o. Àwọn ilé kan kì í jẹ́ kí ẹni tó jáde padà wọlé títí oṣù mélòó kan yóò fi kọjá, nítorí wọ́n mọ̀ pé irú èmi báyìí wà. Kó ka ìlà yẹn kó tó fọwọ́ sí i.

Owó orí náà wà níbẹ̀. Ní Houston, 8.25% ni, torí náà $25 di $27.06, $11 di $11.91. Kò yí ìṣirò padà nítorí wọ́n ń gbà á lórí tíkẹ́ẹ̀tì náà, àmọ́ ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ iye tó ń jáde ní tòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín káàdì àwọn ilé sinimá ńlá mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, torí wọn kò rí bákan náà. AMC bẹ̀rẹ̀ A-List ní Oṣù Kẹfà 2018, $19.95 lóṣù, fíìmù 3 lọ́sẹ̀. Owó rẹ̀ ti gòkè láti ìgbà náà, ó sì yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé IMAX àti Dolby, ìyẹn àwọn gbọ̀ngàn ojú ńlá àti ohùn tó dún dáadáa, wà nínú rẹ̀, wọn kì í bu owó kankan lé e. Ọ̀sẹ̀ wọn ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, ó ń parí ní Ọjọ́bọ̀. Ẹni tí kò bá lo tirẹ̀ tán ní Ọjọ́bọ̀ ti pàdánù rẹ̀, kì í ṣí lọ sí ọ̀sẹ̀ tuntun. Tó bá gba ìjókòó sílẹ̀ tí kò sì lọ, wọ́n ti kà á mọ́ ọn lọ́rùn, àfi tó bá fagi lé e lórí áàpù kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀.

Regal Unlimited dé ní 2019, kò fi iye sí fíìmù tí èèyàn lè wò, àmọ́ ó ní ìpele mẹ́ta tó dá lórí ilé sinimá tí èèyàn fẹ́ máa lọ: $18, $21, $23.50 nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. IMAX ńkọ́? Owó ọ̀tọ̀ ni. Tó bá rà á lórí áàpù, wọ́n ń bu 50 sẹ́ǹtì lé e nígbà náà. Cinemark Movie Club ló jọ èkejì tí Àdùkẹ́ sọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kejìlá 2017, $8.99, tíkẹ́ẹ̀tì 1 lóṣù, èyí tí kò bá lò kì í ṣègbé níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà nínú ẹgbẹ́, wọ́n sì ń dín 20% lórí gúgúrú àti ohun mímu. Fíìmù lásán ló wà fún, kì í ṣe ti ojú ńlá, ó máa san àlékún fún ìyẹn.

Ọmọ_Àlékúwodò

Ẹ ṣeun, Àǹtí Ṣadé. Ẹ rí i pé mi ò sọ wèrè. IMAX yẹn gan-an ni mo ní lọ́kàn. Tíkẹ́ẹ̀tì IMAX lálẹ́ Sátidé lè kọjá $20. Ẹyọ kan péré lóṣù, owó káàdì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé. Ẹ tún gbé ọ̀rọ̀ Ìṣẹ́gun yẹ̀ wò. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé $7 ni. Ìjókòó iwájú tí ọrùn fi ń dun èèyàn ló máa ń ṣẹ́ kù.

Ìyá_Ìbejì_Ògo_Olúwa

Fíìmù tó bá dára, yóò ṣì wà níbẹ̀ ní Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn dúró ọ̀sẹ̀ méjì ni? Kó kọ́kọ́ wo tábìlì kíláàsì rẹ̀ ná. Tí kò bá ní kíláàsì ní ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀rọ̀ mi dúró. Tó bá ní, mo gbà pé kó yà sí káàdì $11.

Túndé_Manchester

Ẹ̀yin tí ẹ ní èèyàn ní Ìlú Ọba, ẹ má fi ti Amẹ́ríkà ṣe àpẹẹrẹ o. Unlimited ti Cineworld àti Limitless ti Odeon, ọdún kan gbáko ni àdéhùn wọn lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó fọwọ́ sí i ní Oṣù Kẹsàn-án tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé, tó sì fẹ́ padà sílé ní Oṣù Kẹfà, oṣù mẹ́ta ni yóò san lásán. Fíìmù kò níye, òótọ́ ni, àmọ́ IMAX àti 3D ní àlékún, ẹni tó bá sì fẹ́ lo káàdì rẹ̀ ní àárín gbùngbùn London yóò san ju ti àwa ará Manchester lọ. Cineworld ń dín 10% lórí oúnjẹ ní ọdún àkọ́kọ́, ó ń di 25% lẹ́yìn ìyẹn. Ẹni tó bá ti gbà á gbọ́dọ̀ máa lọ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, ó kéré tán, láìfi ìdánwò pè, kó tó lè sọ pé òun kò pàdánù.

Faransé ni òwò yìí ti gbilẹ̀ ká tó mọ̀ ọ́n níbí. UGC bẹ̀rẹ̀ káàdì tirẹ̀ ní Paris ní 2000. Nígbà tí Cineworld ra àwọn ilé UGC tó wà níbí ní 2004 ni káàdì náà wọ ọwọ́ wọn.

Jagun_Ọjà_Ọba

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ń ka gbogbo rẹ̀. Ohun kan ló ń rú mi lójú. Ilé wo ni yóò gba $25 tí yóò jẹ́ kí o wo $168? Ẹni tó bá ń fún ọ ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ kó ẹrù rẹ sá lọ ni. Mo gbọ́ pé ọ̀kan ti dà wó bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Baba_Onífíìmù

Jagun, ẹ kú àgbà. MoviePass lẹ ń sọ. Ọdún 2011 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ní Oṣù Kẹjọ 2017 ni wọ́n já owó rẹ̀ wálẹ̀ sí $9.95 lóṣù, fíìmù kan lójúmọ́, ní èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé sinimá Amẹ́ríkà. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá, tíkẹ́ẹ̀tì ẹyọ kan ti ju $9.95 lọ. MoviePass kò ní ilé sinimá kankan o! Káàdì báǹkì ni wọ́n fún ọmọ ẹgbẹ́, tó bá ti lò ó ní kántà, MoviePass ló ń san iye tíkẹ́ẹ̀tì náà lódindi fún ilé sinimá. Gúgúrú tí ọmọ ẹgbẹ́ rà, kọ́bọ̀ kò kàn wọ́n níbẹ̀. Ẹni tó lọ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù ti di gbèsè sí wọn lọ́rùn.

Ọmọ ẹgbẹ́ kọjá mílíọ̀nù 3 ní 2018, gbèsè náà sì ń ga sí i. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dí àwọn fíìmù kan, wọ́n ń bu owó lé àkókò tí èrò bá pọ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹsàn-án 2019, ilé iṣẹ́ tó ni wọ́n, Helios and Matheson, wọ ilé ẹjọ́ gẹ́gẹ́ bí onígbèsè ní Oṣù Kìíní 2020. Ní 2021, àjọ FTC ti ìjọba Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ̀rọ̀ aṣínà (password) àwọn 75,000 ọmọ ẹgbẹ́ tó ń wo fíìmù jù di asán, kí wọ́n má baà lè wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn tó dá a sílẹ̀, Stacy Spikes, ti ra orúkọ náà padà ní 2021, ó sì tún un gbé dìde lọ́nà mìíràn.

Ti AMC àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, torí ìjókòó jẹ́ tiwọn, gúgúrú jẹ́ tiwọn. Nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì, bí ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń padà sọ́dọ̀ àwọn tó ni fíìmù, pàápàá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ti gúgúrú kò rí bẹ́ẹ̀, èrè ibẹ̀ pọ̀ gan-an, tiwọn nìkan ni. Ẹni tó ní káàdì ń wá léraléra, ó ń gbàgbé pé òun ti sanwó, á wá ná $12 lórí gúgúrú àti ohun mímu. Ó sì máa ń mú ẹlòmíì tó ń san owó gidi dání. Tẹ́ ẹ bá wá fi àwọn tó ń sanwó tí wọn kì í wá kún un, ẹ ti rí ibi tí èrè wà. Nítorí náà, Àdùkẹ́, kó jẹun kó tó kúrò nílé. Gúgúrú àti ohun mímu lẹ́ẹ̀mejì lóṣù jẹ́ $24, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó káàdì ńlá yẹn fúnra rẹ̀, kò sì sí ẹni tó fi ìyẹn sínú ìṣirò lókè.

Olùṣirò

Mo gbà, mi ò fi gúgúrú sí i. Tó bá ti pọn dandan fún un, 20% tí Cinemark ń dín yẹn di nǹkan. Lórí $24, $4.80 nìyẹn lóṣù.

Jagun_Ọjà_Ọba

Ó yé mi wàyí. Mo fẹ́ béèrè ohun mìíràn nígbà náà. Èmi àti àwọn kan fẹ́ ṣí gbọ̀ngàn fíìmù kékeré kan sí Òṣogbo, ìjókòó 60. Ẹnì kan nínú wa ní ká ta káàdì oṣooṣù ₦10,000, kí ẹni tó bá ní in máa wọlé bó ṣe wù ú. Tíkẹ́ẹ̀tì wa yóò jẹ́ ₦4,000. Ó ní ìjókòó tó ṣófo kò mú owó wá, kí ẹnì kan jókòó sórí rẹ̀ sàn.

Ọmọ_Ìgbọ̀nà

Òótọ́ ni ó sọ. Jẹnẹrétọ̀ yóò ṣì máa mu dísù bóyá èèyàn 5 ló wà níbẹ̀ tàbí 60. Jagun, ẹ tà á.

Baba_Onífíìmù

Rárá o, ẹ má tà á bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìgbọ̀nà, dísù kì í ka èèyàn, àmọ́ ẹni tó ni fíìmù ń ka èèyàn. Gbogbo orí tó bá wọlé, ẹni tó ń pín fíìmù yóò gba tirẹ̀ lórí iye tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ jọ ṣàdéhùn, ì báà jẹ́ káàdì ló fi wọlé.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é. Tíkẹ́ẹ̀tì ₦4,000, ẹ yọ VAT 7.5%, ó ku ₦3,721. Ká ní ìdajì jẹ́ ti ẹni tó pín fíìmù, ₦1,860. Káàdì ₦10,000, ẹ yọ VAT, ó ku ₦9,302. Ọmọ ẹgbẹ́ wá lẹ́ẹ̀marùn-ún lóṣù: ₦1,860 lọ́nà 5 jẹ́ ₦9,300. Ó ku ₦2 fún dísù, iná mànàmáná, òṣìṣẹ́ àti háyà gbọ̀ngàn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ńkọ́? Láti inú àpò yín ni.

Tẹ́ ẹ bá fi òpin sí i pé ẹ̀ẹ̀mẹta lóṣù, Ajé sí Ọjọ́bọ̀ nìkan, ₦5,580 ló lọ, ₦3,722 ló kù sọ́wọ́ yín, ìjókòó tó sì ṣófo tẹ́lẹ̀ ni wọ́n jókòó sí. Ẹ fi Ẹtì, Sátidé àti Àìkú sílẹ̀ fún ẹni tó ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì pé. Ẹ lẹ fọ́tò mọ́ káàdì náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹbí márùn-ún ni yóò máa gbé káàdì kan kiri. Kí ẹ tó tẹ ẹyọ kan jáde, ẹ bá àwọn tó ń pín fíìmù sọ ọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, torí òmíràn lè ní kí káàdì má wọlé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ fíìmù òun. Ìwé àṣẹ NFVCB, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò fíìmù àti fídíò ní Nàìjíríà, ni ẹ máa kọ́kọ́ lọ gbà ná. Ìyẹn ṣáájú káàdì, ó ṣáájú àga pàápàá.

Jagun_Ọjà_Ọba

Ẹ̀ẹ̀mẹta, Ajé sí Ọjọ́bọ̀. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. ₦2! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Ọmọ_Ìgbọ̀nà

Mo gbà fún Baba Onífíìmù. Ṣùgbọ́n àwa tó wà nílé báyìí ńkọ́? Tí ilé sinimá kan ní Ìbàdàn bá gbé irú káàdì báyìí jáde, ṣé ó yẹ kí ará Òṣogbo gbà á?

Ìyá_Ìbejì_Ògo_Olúwa

Kò yẹ. Káàdì kò san owó ọkọ̀. Ilé sinimá Filmhouse wà ní Dùgbẹ̀ àti Samonda n'Ìbàdàn, ti Viva wà ní Ìlọrin, Akúrẹ́ náà ní Filmhouse. Gbogbo wọn jìnnà sí Òṣogbo débi pé owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ lè tó owó tíkẹ́ẹ̀tì tàbí kó jù ú lọ. Ẹ̀dínwó kankan kò sì sí fún ìyẹn ní Old Garage. Ẹ tún wo aago. Fíìmù aago 7 ìrọ̀lẹ́ yóò jáde lẹ́yìn aago 9, ta ló fẹ́ máa wá ọkọ̀ Òṣogbo ní Ìwó Road lásìkò yẹn? Torí náà fíìmù ọ̀sán ni ará Òṣogbo lè wò, ti ọ̀sán àárín ọ̀sẹ̀ sì sábà máa ń dínwó tẹ́lẹ̀. Kí ni káàdì wá fẹ́ ṣe fún un? Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Samonda lè rò ó. Àwa kọ́.

Túndé_Manchester

Kí n fi ọ̀kan kún un nípa ìsanwó, torí Àdùkẹ́ sọ pé Òṣogbo ni owó ti ń lọ. Ẹ má fi káàdì báǹkì náírà sórí rẹ̀ o. Ní 2022, ọ̀pọ̀ báǹkì dín ìnáwó dọ́là lórí káàdì náírà kù sí $20 lóṣù, àwọn kan tún wá pa á pátápátá. Wọ́n ti ń ṣí i padà láti 2025, àmọ́ ta ló lè sọ bóyá yóò dúró bẹ́ẹ̀? Tí òpin $20 yẹn bá tún padà, $27.06 kò gba inú rẹ̀ kọjá. Tí owó bá kọ̀ láti wọlé nígbà tó ṣì wà nínú àdéhùn oṣù 3, gbèsè ni wọ́n ń kà á sí, wọn kì í kà á sí pé ó ti jáde. Káàdì àkáǹtì tó ṣí ní ibẹ̀ ni kó fi sí i.

Àdùkẹ́_ÒkèFìà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti fi tábìlì kíláàsì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: aago 5 sí 8 alẹ́ Ìṣẹ́gun ni kíláàsì rẹ̀ kan, gbogbo sáà yìí. Ìyá Ìbejì, Ìṣẹ́gun yín ti lọ. Ojú ńlá IMAX kò sì jẹ ẹ́ lógún. Ó jọ pé káàdì $11 ló kù. Ìbéèrè méjì péré ló kù mi: ṣé ó lè fi èyí tí kò lò mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọlé? Tó bá sì fẹ́ wálé ní Oṣù Kejìlá ńkọ́?

Ṣadé_Texas

Ó lè mú ọ̀rẹ́ wọlé ní Cinemark, ìyẹn ló fi dára ju A-List lọ fún ẹni tí kì í dá lọ. Tó bá ní tíkẹ́ẹ̀tì 2 tó kó jọ, kó lo méjèèjì lọ́jọ́ kan náà fún òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ti A-List jẹ́ ti olórúkọ nìkan, wọ́n lè béèrè ìwé ìdánimọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kó béèrè lọ́wọ́ ilé tirẹ̀ bóyá bákan náà ni.

Tó bá wálé fún oṣù kan, kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì yóò dúró dè é. Tó bá fẹ́ jáwọ́ pátápátá, kó kọ́kọ́ lo gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì tó ti kó jọ tán, torí wọ́n lè ṣègbé tó bá ti jáde. Kó wo ọjọ́ tí owó ń kúrò lóṣooṣù, kó fagi lé e ní ọjọ́ 3 tàbí 4 ṣáájú rẹ̀. Pípa áàpù rẹ́ lórí fóònù kì í ṣe ìfagilé, owó yóò ṣì máa lọ. Inú àkáǹtì rẹ̀ lórí ìkànnì ni kó ti ṣe é, kó ya àwòrán ojú ìwé tó sọ pé ó ti parí, kó sì tọ́jú í-meèlì tí wọ́n bá fi dáhùn.

Ìyá_Ìbejì_Ògo_Olúwa

Kó béèrè bóyá kíláàsì yẹn yóò ṣì jẹ́ Ìṣẹ́gun ní sáà tó ń bọ̀.